Lẹ́tà kan láti Paris: báwo ni Leo Strauss ṣe sún mọ́ fásíìsì tó?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1933, ọmọ Júù ará Jámánì kan tó ń gbé ní Paris kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà nílé. Leo Strauss ni ẹni tó kọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà náà; Karl Löwith ni ó kọ ọ́ sí, olùkọ́ ní Yunifásítì Marburg, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìran Júù. Láti oṣù Kìíní ọdún náà ni Hitler ti gorí àlééfà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ Násì dúró sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ àwọn Júù kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé rajà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kan náà, òfin jáde tó ń lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì sì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí Strauss tó kọ lẹ́tà yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ìwé jọ ní gbangba ní Berlin, tí wọ́n sì dáná sun ún. Ẹni tó bá mọ gbogbo èyí yóò retí pé kí ọmọ Júù tó wà ní àjò bú fásíìsì, ìyẹn ètò òṣèlú tó gbé gbogbo agbára lé olórí kan lọ́wọ́, tó sì ń fi ipá pa alátakò lẹ́nu mọ́, kí ó sì máa ṣàárò òmìnira. Ohun tí Strauss kọ kọ́ nìyẹn.

Ó kọ ọ́ pé kì í ṣe torí pé Jámánì yí sí apá ọ̀tún nínú òṣèlú, ìyẹn apá àwọn tó gbé àṣẹ ga ju òmìnira lọ, tó sì lé àwọn jáde, ni kí àwọn wá kọ ìlànà apá ọ̀tún sílẹ̀. Ó ní òdìkejì rẹ̀ gan-an ló rí: orí ìlànà apá ọ̀tún nìkan, tí ó sì dárúkọ rẹ̀ ní mẹ́ta, ti fásíìsì, ti ìjọba aláṣẹ líle, àti ti ilẹ̀ ọba ńlá tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè mìíràn, ni ènìyàn lè dúró lé kí ó fi iyì tako ohun ìríra tó ń ṣẹlẹ̀ ní Jámánì, láìsí pé ó ń sá tọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ, èyí tí ó pè ní ohun ẹ̀rín àti ohun ìkáàánú. Ó ní ìwé ogun Julius Caesar ni òun ń kà, òye rẹ̀ sì ń yé òun sí i, ó wá fa ọ̀rọ̀ akéwì Róòmù nì, Virgil, yọ. Ó fi kún un pé kò sí ìdí tí àwọn fi ní láti rákò lọ síbi àgbélébùú, ìbáà jẹ́ àgbélébùú ti ìlànà lìbẹ́rà, ìyẹn ètò òṣèlú tó fi òmìnira ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ìpìlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀ta iná èrò Róòmù bá ṣì ń tàn níbì kan láyé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wá dójú ẹ̀, ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun padà sí àdúgbò tí wọ́n ń sé àwọn Júù mọ́ láyé àtijọ́ ju kí òun kúnlẹ̀ níwájú àgbélébùú kankan lọ.

Ìpínrọ̀ kúkúrú yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ká ní ẹni tí ayé gbàgbé ló kọ ọ́ ni, ariwo kì bá tí pọ̀. Ṣùgbọ́n Strauss kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1930, ó kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí New School ní New York, ó sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago láti 1949 títí di ìparí àwọn ọdún 1960. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìran kan lára àwọn olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà, tí àwọn náà sì kọ́ ìran mìíràn. Nígbà tí ó kú ní 1973, ó ti ní ọmọ lẹ́yìn tó pọ̀ débi pé wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ èrò kan. Fìlọ́sọ́fì àwọn àgbà, Plato, Aristotle, al-Farabi, Maimonides, ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni, kò du ipò òṣèlú kankan, kò sì sí ohun tó jọ ìwé ìpolongo fún ẹgbẹ́ kankan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe wá so irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ fásíìsì ni ó yẹ kí a tú palẹ̀.

Lẹ́tà náà pẹ́ kó tó dójú táyé. Ọdún 2001 ni ó jáde nínú ìdìpọ̀ kẹta àkójọ iṣẹ́ Strauss tí Heinrich Meier ń ṣe olóòtú rẹ̀ ní Jámánì, ní èdè Jámánì. Ní àkókò yẹn, àwọn tó ń fura sí Strauss ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 1985, Myles Burnyeat, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Gíríìkì àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ àròkọ gbígbóná kan tó sọ pé ọ̀nà tí Strauss gbà ń ka Plato kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1988, Shadia Drury, ọ̀mọ̀wé ní Kánádà, tẹ ìwé kan jáde tó fẹ̀sùn kàn án pé abẹ́ aṣọ ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ pé kí àwọn ọlọ́gbọ́n díẹ̀ máa fi irọ́ ṣàkóso àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ̀sùn wọ̀nyí kò kọjá ọgbà yunifásítì nígbà náà.

Ogun Iraq ni ó gbé e dé ìgboro. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, oníròyìn Seymour Hersh kọ ìròyìn kan nípa àwọn tó ń ṣètò ìròyìn àṣírí ní ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ṣáájú ogun náà, ó sì tọ́ka sí i pé Abram Shulsky, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà, kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Strauss. Paul Wolfowitz, igbá-kejì mínísítà ààbò, náà ti jókòó sí kíláàsì Strauss rí ní Chicago. Kíá ni ìròyìn gba ìgboro kan pé òkú ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ń darí ogun láti inú sàréè. Kò pẹ́ tí Jenny Strauss Clay, ọmọ tí Strauss gbà tọ́, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì àti Látìn, fi kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn New York Times pé òun kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀sùn náà kò lágbára tó bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó. Kíláàsì méjì péré ni Wolfowitz ṣe lọ́dọ̀ Strauss. Albert Wohlstetter, onímọ̀ nípa ogun àti àdó olóró, ni ó darí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o yìí ni àwọn ènìyàn ti lọ hú lẹ́tà 1933 jáde, tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì gbé e sí gbangba. Ẹni tí wọ́n ń fura sí tẹ́lẹ̀ wá dà bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn ara rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbé dìde ni pé fásíìsì ti ta ni Strauss ní lọ́kàn? Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ti Ítálì ni. Ní 1933, ọdún kọkànlá rèé tí Mussolini ti ń ṣèjọba, àwọn Júù sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ọdún 1938 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin ẹ̀yà jáde láti fi tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ìgbà náà gbà pé Mussolini lè di odi tí yóò dá Hitler dúró. Ní ojú irú wọn, kí ọmọ Júù fi èrò Róòmù kọjú ìjà sí Násì kì í ṣe ìsọkúsọ. Löwith pàápàá, nígbà tí Jámánì wá le koko fún un, Róòmù ni ó sá lọ ní 1934. Ibẹ̀ ni Heidegger, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ti wá bá a ní 1936, tí ó sì fi àmì ẹgbẹ́ Násì sáyà nígbà tí ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n lé kúrò nílé najú.

Mo gba àlàyé yìí, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ó wẹ Strauss mọ́. Fásíìsì Ítálì ti lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ tipẹ́. Ní 1924, àwọn ọmọ Mussolini jí Giacomo Matteotti gbé, aṣòfin tó dìde sọ̀rọ̀ ìwà èrú ìbò, wọ́n sì pa á. Ní 1926, wọ́n ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ alátakò. Ní Líbíyà, ibi tí a ti lè rí ohun tí fásíìsì pẹ̀lú ilẹ̀ ọba ńlá túmọ̀ sí ní ìṣe, wọ́n kó àwọn darandaran Cyrenaica sínú àgọ́ ìṣẹ́níṣẹ̀ẹ́, ebi àti àìsàn sì pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931, wọ́n so Omar al-Mukhtar, bàbá arúgbó tó ṣáájú ogun àwọn ará Líbíyà, kọ́ sórí igi lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọdún méjì kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí Strauss kọ lẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí Mussolini sì wá gbógun ti Etiópíà ní 1935, àwọn ará Èkó ṣe ìpàdé ìfẹ̀hónúhàn, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní London, sì gbé ọ̀rọ̀ náà karí. Àwọn yẹn kò nílò ìwé Caesar kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ní fásíìsì Ítálì kò burú tó ti Jámánì kò parọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó sọ ẹni tí kò burú fún.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí àwọn alátakò máa ń tọ́ka sí, ìyẹn àjọṣe Strauss pẹ̀lú Carl Schmitt, onímọ̀ òfin tó sọ pé kókó òṣèlú ni kí a mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ní 1932, Strauss kọ àríwísí kan lórí ìwé Schmitt. Schmitt fẹ́ràn rẹ̀, ó sì kọ̀wé tó ran Strauss lọ́wọ́ láti rí owó ìrànwọ́ àjọ Rockefeller gbà, owó tó gbé e dé Paris. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1933, Schmitt wọ ẹgbẹ́ Násì. Ní oṣù Keje ọdún náà, Strauss ṣì tún kọ lẹ́tà sí i láti Paris, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun mọ Charles Maurras, òǹkọ̀wé Faransé tó ń fẹ́ kí ọba padà jẹ, tó sì kórìíra Júù púpọ̀. Èsì kò dé. Ohun tó ṣòro láti kójú kúrò lórí rẹ̀ nínú àríwísí 1932 yẹn ni ìlà tí Strauss fi parí rẹ̀: kò bá Schmitt wí pé ó kórìíra ìlànà lìbẹ́rà jù, ó ní kò kúrò nínú rẹ̀ tó ni, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe àríwísí lìbẹ́rà dójú àmì gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀nà mìíràn tó kọjá rẹ̀.

Láti ibí ni ọ̀nà ti pínyà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Eugene Sheppard, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2006, gbé Strauss kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ apá ọ̀tún ìgbà Weimar, ìyẹn ìjọba tiwa-n-tiwa tó wà ní Jámánì ṣáájú Hitler, tí ìgbé ayé àtìpó wá yí èrò rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, tí ó sì kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ẹnu. Nicholas Xenos, ní 2008, sọ pé ìwà rere tí Strauss ń wàásù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà aṣọ ìbora ni, pé abẹ́ rẹ̀ ni èrò 1933 ṣì wà. William Altman ni ó lọ jìnnà jù lọ. Ìwé ńlá rẹ̀ ti 2011 ní ohun tí Strauss gbé sọdá òkun ni ìkórìíra àwọn onímọ̀ Jámánì fún lìbẹ́rà, tí ó sì fi ọgbọ́n gbìn ín sí àárín orílẹ̀-èdè tó gbà á sílé. Ní ìdàkejì, Catherine Zuckert àti ọkọ rẹ̀ Michael, pẹ̀lú Steven Smith, tẹ ìwé jáde ní 2006 láti fi hàn pé ọ̀rẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ni Strauss, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ máa ń sọ òtítọ́ tó korò. Peter Minowitz ní tirẹ̀ fi ìwé kan gbáko dá àwọn tó ń bẹ̀rù orúkọ Strauss lóhùn.

Èyí tó ta mí lọ́kàn jí jù nínú gbogbo wọn ni ti Robert Howse, onímọ̀ òfin àgbáyé, tó jáde ní 2014. Kì í ṣe ọmọ lẹ́yìn Strauss ní òṣèlú, kò sì gbìyànjú láti fi òróró pa lẹ́tà náà. Ó gbà pé èrò ogun àti ipá wà lọ́kàn Strauss nígbà èwe, ó sì ní ìyókù ayé rẹ̀ dà bí ohun tí àwọn Júù ń pè ní ìrònúpìwàdà, níbi tí ènìyàn ti ń ronú lórí ohun tó ṣe, tó sì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yí padà kúrò nínú rẹ̀, láìjẹ́ pé ó dìde lójú ọjà láti jẹ́wọ́. Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Chicago ni ó lò púpọ̀, pàápàá jù lọ lórí Thucydides, òpìtàn ogun Gíríìkì àtijọ́, àti òfin àwọn orílẹ̀-èdè, níbi tí Strauss ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ogun ní ààlà.

Ohun kan wà tó mú kí ẹjọ́ yìí nira ju ti Schmitt tàbí Heidegger lọ, tí ìwé ẹgbẹ́ wọn wà nílẹ̀. Strauss gan-an ni ó kọ́ ayé pé àwọn òǹkọ̀wé ńlá kì í sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn. Nínú àròkọ tí ó kọ ní 1941, tó wá di ìwé ní 1952, ó ní níbi tí inúnibíni bá wà, ẹni tó gbọ́n a máa kọ̀wé fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ojúlówó ẹ̀kọ́ wà láàárín ìlà fún ẹni tó fetí sílẹ̀, ohun tí ìlú fẹ́ gbọ́ sì wà lójú ìwé fún àwọn yòókù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí ẹni tó kọ́ni báyìí bá wá yin ìjọba tiwa-n-tiwa, alátakò yóò ní ìyẹn ni ti ojú ìwé, pé lẹ́tà sí Löwith ni ti inú. Ìṣòro irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́jọ́ lè sọ tí yóò gbà á là, nítorí pé gbogbo ìgbèjà ti di ara ìbòjú. Àwọn tó ń lò ó sì máa ń gbàgbé òfin tí Strauss fi lélẹ̀ nínú àròkọ kan náà, pé èèwọ̀ ni kíkà láàárín ìlà níbi tí kíkà ojú ìwé bá ti péye jù ú lọ. Mo rò pé ó yẹ kí a fi òfin rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Lẹ́tà 1933 kò fi nǹkan pamọ́. Ọ̀rẹ́ ni ó kọ ọ́ sí, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló sọ. Ẹni tó bá ní kò túmọ̀ sí ohun tó sọ ni ó ń ka àárín ìlà níbi tí kò ti yẹ.

Ìyẹn ni mo ṣe rò pé ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù lọ lẹ́yìn lẹ́tà náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí Strauss ṣe ní New School ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1941, tí wọn kò sì tẹ̀ jáde títí di 1999. Àwọn ọ̀dọ́ Jámánì tí wọ́n kórìíra ayé ọ̀làjú ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní kì í ṣe ìfẹ́ ìparun lásán ló kọ́kọ́ sún wọn. Ohun tí wọn kò lè fara mọ́ ni ìlérí ayé kan tí kò ní sí ìjà mọ́, tí kò ní sí ohun tí ènìyàn lè kú fún, níbi tí jíjẹ, mímu àti fàájì yóò ti tán gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn olùkọ́ wọn kò mọ bí a ti ń dá wọn lóhùn, pé àgbà olùkọ́ tó mọ ọgbọ́n àtijọ́ ni wọ́n nílò. Alátakò Strauss yóò ní ara rẹ̀ ni ó ń ròyìn, kò sì dá mi lójú pé wọ́n ṣìnà níbi yìí. Ọ̀tọ̀ ni pé kí ènìyàn ròyìn àrùn tó ti ṣe é rí, ọ̀tọ̀ ni pé kó ṣì máa ṣe é.

Ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà parí sí ni ó jẹ́ kí n máa pè é ní ẹ̀rí. Nígbà náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jà, bọ́ǹbù Jámánì sì ń rọ̀ lé London lórí. Strauss ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe àwọn ará Jámánì, ni ó yẹ kí wọ́n jẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso ilẹ̀ ọba ńlá, nítorí pé àwọn nìkan ni wọ́n ti fi ìgbà pípẹ́ kọ́ bí a ti ń dá ẹni tó tẹríba sí, tí a sì ń tẹ orí agbéraga ba. Ọ̀rọ̀ Virgil nìyí, ìlà kan náà tó fà yọ fún Löwith ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, níbi tí ẹ̀mí bàbá Aeneas, akọni inú ewì náà, ti ń sọ iṣẹ́ tí àwọn ará Róòmù wá ṣe láyé fún ọmọ rẹ̀. Susan Shell, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ òṣèlú ní Boston College, tú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí palẹ̀ nínú àròkọ kan tó fi ìlà Virgil náà ṣe àkọlé. Ìlà náà kò yí padà, ẹni tí Strauss fún ni ó yí padà. Ní 1933, ó so Róòmù mọ́ fásíìsì. Ní 1941, ó gbà á lọ́wọ́ fásíìsì, ó sì gbé e fún ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí ohun tó yí padà kò ka 1941 dáadáa. Ẹni tó bá sì ní gbogbo nǹkan ló yí padà kò wo ìlà tó dúró sójú kan náà.

Àwa tí a ń ka èyí ní Yorùbá ní ohun mìíràn láti wò níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí Strauss ń sọ̀rọ̀ yẹn ní New York, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó wà. Nígbà tí owó orí tuntun àti iṣẹ́ àfipáṣe mú kí àwọn Ẹ̀gbá dìde ní 1918, tí wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fún wọn. Ogun Àdùbí ni ìtàn ń pè é. A lè gbà pé Gẹ̀ẹ́sì sàn ju Násì lọ fíìfíì, àwọn ọmọ wa tó lọ jagun ní Burma náà sì jà ní apá ọ̀hún. Síbẹ̀, nínú gbólóhùn Strauss, ẹni tó ń ṣàkóso nìkan ni ó ní ojú àti ẹnu. Ẹni tí wọ́n ń dá sí, orí tí wọ́n ń tẹ̀ ba, kò sọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn nípa Strauss sábà máa ń dá lé Jámánì àti Amẹ́ríkà, lé ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n lè ṣe fún ìjọba tiwa-n-tiwa tàbí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ní tèmi, nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kọ sínú lẹ́tà 1933, ti fásíìsì ni ó kọ̀ sílẹ̀, ti aláṣẹ líle rọlẹ̀ di ọ̀rọ̀ nípa òfin àti ìwà ọmọlúàbí àwọn aṣáájú. Ti ilẹ̀ ọba ńlá ni ó pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó kọ lẹ́yìn ogun kò fi ibì kankan jọ ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ fásíìsì. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí ìtúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìwé rẹ̀ lórí onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Spinoza, tó jáde ní 1965, ó ní ìjọba Násì nìkan ni ìjọba láyé tí kò ní ìlànà mìíràn tó yéni ju ìkórìíra apànìyàn sí àwọn Júù lọ. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní ìjọba Weimar jẹ́ ìdájọ́ òdodo tí kò ní idà lọ́wọ́, tàbí tí kò lè lo idà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kejì yìí jẹ́ ká rí i pé ìbínú ọ̀dọ́mọkùnrin 1933 kò tíì kú tán: Weimar kò lè gba òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ là, bàbá rẹ̀ kú sí Jámánì ní 1942, wọ́n sì pa lára àwọn ìbátan rẹ̀. Nígbà tí Churchill kú ní oṣù Kìíní ọdún 1965, Strauss dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dúró, ó sì yìn ín gẹ́gẹ́ bí ẹni ńlá tó kojú òǹrorò tí orí rẹ̀ dàrú. Ní ti ìjọba tiwa-n-tiwa, ó ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ apọ́nlé-ẹ̀tàn fún un, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni a jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbiná lọ́tun láti 2016. Harry Jaffa, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ Strauss ní New School, kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tó dá Claremont Institute, ilé iṣẹ́ ìwádìí òṣèlú kan, sílẹ̀ ní California ní 1979. Ìwé àtìgbàdégbà ilé iṣẹ́ yìí ni Michael Anton ti kọ ọ́ ní 2016 pé ìbò ọdún náà dà bí bàálù tí àwọn jàǹdùkú ti gbà, pé kí ènìyàn jà dé iwájú bàálù tàbí kó kú. John Eastman, agbẹjọ́rò tó kọ ìwé àbá lórí bí igbákejì ààrẹ ṣe lè dí ìbò 2020 lọ́wọ́, ará Claremont ni. Nínú ìdílé èrò kan náà ni William Kristol ti jáde, tó sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Trump jà jù lọ. Bí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ bá pínyà tó báyìí, ó ṣòro kí a tó lè gbé ẹ̀bi apá kan wọn lé orí olùkọ́ tó ti kú kí púpọ̀ nínú wọn tó wọ yunifásítì. Mi ò sọ pé kò sí okùn kankan láàárín wọn. Ẹni tó bá kọ́ láti máa rí ìgbà tirẹ̀ bí ìgbà tí ìlú fẹ́ wó, bí Weimar ṣe wó, lè yára gbà pé òfin kò tó mọ́. Ẹ̀rù Weimar yìí, ìwé Strauss kún fún un. Ohun tí ènìyàn fi ẹ̀rù náà ṣe ni kò bá a kọ.

Àwọn tó fẹ́ wádìí fúnra wọn kò nílò láti dúró de ọ̀mọ̀wé kankan mọ́. Yunifásítì Chicago ti gbé ohùn Strauss nínú kíláàsì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tó sọ, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sí Löwith àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn, Klein àti Scholem, sì wà nínú ìdìpọ̀ 2001 yẹn fún ẹni tó gbọ́ èdè Jámánì. Lẹ́tà tí ó kọ sí Löwith ní oṣù Kẹfà ọdún 1935 wà níbẹ̀, níbi tí ó ti sọ pé láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún títí tí òun fi pé ọgbọ̀n, Nietzsche, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Jámánì, gba òun lọ́kàn débi pé gbogbo ohun tó yé òun nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òun gbà gbọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n nígbà tí ó kọ lẹ́tà Paris, nítorí náà kò ṣeé fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ̀yìn wo ibi tó ti kúrò.